Ìtì Igi Ń Sọ Ti Àná, Orí Igi Ń Sọ Ti Ọ̀la

Bí oníṣòwò gẹdú bá wọ oko tíìkì, ìtì igi ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Á fọwọ́ kan igi láyà, á wò ó bóyá ó tọ́, á fojú díwọ̀n iye pákó tó máa bọ́ nínú rẹ̀, á sì dá iye lé e. Èèyàn kò lè bá a wí, torí ìtì ni sọ́míìlì ń là, ìtì náà sì ni kápẹ́ńtà ń fi owó rà. Bí ayùn bá ti gbé igi náà ṣubú, ẹ̀ka àti ewé tó wà lókè di ohun àfisílẹ̀. Àwọn ará abúlé á ṣa èyí tó bá wúlò fún ìdáná, ìyókù á jẹrà síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka àti ewé tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún yìí ló ṣe ìtì náà. Kò sí pákó kan nínú igi tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ewé. Ìtì jẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tí igi ti ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín, orí rẹ̀ ló sì ń sọ ohun tó ṣì lè ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ igbó káàkiri ayé fi lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá bí wọ́n ṣe lè wọn orí igi, kí wọ́n sì fi ìṣirò sọ bí yóò ṣe tóbi tó. Ìdí nìyẹn náà tí mo fi gbà tọkàntọkàn pé kò yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kankan nílẹ̀ wa tún ka igi inú igbó ọba kó má ka orí wọn mọ́ ọn.

Nígbà tí mo bá sọ pé orí igi, gbogbo ẹ̀ka àti ewé tó wà láàyè ni mò ń sọ, láti ẹ̀ka tútù tó wà nísàlẹ̀ jù lọ títí dé ṣóńṣó òkè.

Orí ló ń bọ́ ìtì

Ewé ni ilé ìdáná igi. Iná ibẹ̀ ni oòrùn. Èlò ibẹ̀ ni omi tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ewé fúnra rẹ̀ gbà sínú. Ṣúgà tó bá jáde níbẹ̀ ni igi fi ń mí, òun ló fi ń yọ ewé tuntun, tó fi ń ta gbòǹgbò, tó fi ń ga, tó sì fi ń sanra. Ẹ kíyè sí i pé sísanra ló gbẹ̀yìn. Igi á kọ́kọ́ bọ́ ewé àti gbòǹgbò rẹ̀, á sì sapá láti ga kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló ń fi kún ìtì. Nítorí náà, bí orí bá kéré, ìtì ni ìyà máa kọ́kọ́ jẹ. Igi lè máa ga díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí ìtì rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ní 1964, Shinozaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé àlàyé kan jáde tí àwọn onímọ̀ igbó ṣì ń lò títí dòní. Wọ́n ní ká wo igi gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́: ìwọ̀n ewé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀ tó ń gbé omi wá fún un láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀ka kan bá kú, ọ̀pá tó ń bọ́ ọ kò níṣẹ́ mọ́. Á di ara igi tí kò gbé omi mọ́ láàárín ìtì. Èyí ló jẹ́ kí ìbú ìtì àti títóbi orí máa rìn pọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan lè fi ìṣirò dé ọ̀dọ̀ èkejì, bí ó bá mọ irú igi tó jẹ́ àti irú ààyè tó ní.

Ààyè yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo tíìkì tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọdé lè fò kàn, orí rẹ̀ fẹ̀, ìtì rẹ̀ sanra, kò sì ga púpọ̀. Ẹ wá wo èyí tí wọ́n gbìn ní ọdún kan náà láàárín oko tíìkì. Ó ga gbọọrọ, ìtì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba ewé tó wà ní téńté lọ. Irúgbìn kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Ààyè ni kò dọ́gba. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, ṣùgbọ́n fún igi tí wọ́n gbìn ní mítà mẹ́ta síra wọn, ojú ọ̀run kì í pẹ́ há. Bí orí wọn bá ti pàdé, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kò ní rí oòrùn mọ́, á gbẹ, á sì já bọ́. Orí igi á máa sá lọ sókè lọ́dọọdún, èyí tí kò bá sì tètè ga nínú wọn á bọ́ sábẹ́ ìbòòji àwọn tó kù.

Lábẹ́ tíìkì, pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́

Wíwọn ìtì kò ṣòro. Ẹ ó yí téèpù ká igi níbi tó fi 1.3 mítà ga sí ilẹ̀, ẹ ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó parí. Orí lohun tó gba sùúrù.

Ó dára kí wọ́n jẹ́ ẹni mẹ́ta. Ẹnì kan á di ìbẹ̀rẹ̀ téèpù mú mọ́ ara ìtì. Ẹnì kejì á máa fà á lọ síhà àríwá, ojú rẹ̀ lókè, títí yóò fi dé ibi tí ewé tó gbẹ̀yìn wà ní ọ̀gangan àtàrí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, torí bí ọrùn bá tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, èèyàn á rò pé òun ti dé etí orí igi nígbà tí kò tíì débẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń lo okùn tí wọ́n so nǹkan wúwo mọ́ nídìí, tàbí páìpù kékeré tó ní dígí nínú, kí ojú lè lọ sókè tààrà. Ẹnì kẹta á kọ ohun tí téèpù bá sọ sílẹ̀. Wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ síhà gúúsù, síhà ìlà oòrùn àti síhà ìwọ̀ oòrùn.

Ká ní ó jẹ́ 2.1 mítà ní àríwá, 1.4 ní gúúsù, 2.6 ní ìlà oòrùn, 1.9 ní ìwọ̀ oòrùn. Àríwá àti gúúsù papọ̀ jẹ́ 3.5, ìlà àti ìwọ̀ oòrùn papọ̀ jẹ́ 4.5. Ìdajì àpapọ̀ méjèèjì, ìyẹn 4 mítà, ni ìbú orí igi náà. Kódà nọ́ńbà mẹ́rin yẹn nìkan ti sọ̀rọ̀: ó jọ pé igi tó wà ní gúúsù ti ń há a mọ́, òun náà sì ń na ẹ̀ka síhà ìlà oòrùn níbi tó ti rí àlàfo.

Lẹ́yìn èyí ni gíga. Wọ́n á jìnnà sí igi, wọ́n á fi ẹ̀rọ ìwọn-gíga wo ṣóńṣó òkè, wọ́n á tún fi wo ibi tí ẹ̀ka tútù ti bẹ̀rẹ̀. Bí igi bá ga tó 20 mítà, tí ẹ̀ka tútù sì bẹ̀rẹ̀ ní 12 mítà, gígùn orí rẹ̀ jẹ́ 8 mítà. Ẹ fi 20 pín 8, ẹ ó rí 0.40. Èyí là ń pè ní ìdá orí: nínú gbogbo gíga igi yẹn, ìdá 40 nínú 100 péré ló ṣì ní ewé.

Ó ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti fẹnu kò sí kí wọ́n tó wọ igbó. Bí ẹ̀ka kan ṣoṣo bá dá yọ nísàlẹ̀, tí àwọn tó kù sì wà lókè réré, ṣé láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ka orí? Bí ẹnì kan bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹlòmíì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, igi kan náà á ní orí méjì nínú ìwé. Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Tíìkì máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá lọ wọn orí rẹ̀ nígbà ọyẹ́ á bá ẹ̀ka gbígbẹ pàdé, kò sì ní rọrùn fún un láti mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó ń dúró de òjò. Nígbà òjò, tí ewé rẹ̀ bá ti fẹ̀, tí ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ téèyàn bá fọwọ́ ra sì ń mú ọwọ́ pupa, ìgbà yẹn ni orí igi pé. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà ni ewé máa ń bo ṣóńṣó òkè mọ́ni lójú. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi ń gba àkókò, tí ọ̀pọ̀ tó ń ka igi fi ń yẹra fún un.

Láti orí díẹ̀ dé orí púpọ̀

Hẹ́kítà kan oko igi lè ní igi tó lé ní 1,000. Kò sí ẹ̀ka ìjọba tó lè wọn orí gbogbo wọn. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wọn orí ìwọ̀nba igi dáadáa, wọ́n á wá bí orí wọn ṣe bá ìtì wọn mu, wọ́n á wá fi ìbáramu yẹn sọ ti àwọn tó kù tó jẹ́ pé ìtì wọn nìkan ni wọ́n wọ̀n. Ohun tí wọ́n ń pè ní módẹ́ẹ̀lì kò ju ìyẹn lọ. Agbára rẹ̀ wà nínú bí wọ́n bá ṣe fara balẹ̀ wọn àwọn igi àkọ́kọ́ yẹn.

H. C. Dawkins, tó ṣiṣẹ́ igbó ní Uganda, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ èyí fún igbó ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ní 1963, ó gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi ìbú orí wé ìbú ìtì nínú oríṣiríṣi igi ilẹ̀ olóoru. Àǹfààní irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ hàn kedere. Bí irú igi kan bá ní orí tó jẹ́ ìlọ́po 20 ìbú ìtì rẹ̀, igi tí ìtì rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì mítà á nílò mítà mẹ́wàá lójú ọ̀run. Ẹni tó bá fẹ́ kí igi rẹ̀ dé ìwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ọjọ́ tó ń gbìn ín pé mítà mẹ́wàá ni yóò gbà níkẹyìn.

Ní Amẹ́ríkà, Krajicek, Brinkman àti Gingrich ti gba ọ̀nà mìíràn ní 1961. Wọ́n lọ bá àwọn igi tó dá dúró ní gbangba, tí igi kankan kò há wọn mọ́, wọ́n sì wọn orí wọn. Èrò wọn ni pé irú igi bẹ́ẹ̀ ló ń fi hàn bí orí ṣe lè fẹ̀ tó bí kò bá sí ìfiga-gbága. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọ inú igbó, wọ́n á ka igi tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì bi ara wọn pé: bí olúkúlùkù wọn bá ní orí tó fẹ̀ tó ti ẹni tó dá dúró, ṣé ilẹ̀ yìí á gbà wọ́n? Bí àpapọ̀ ilẹ̀ tí orí wọn fẹ́ bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà, wọ́n á pè é ní 100. Bí ó bá jẹ́ 200, ìlọ́po méjì ilẹ̀ tó wà ni àwọn igi ń dù. Ọ̀nà yìí dára torí pé ọjọ́ orí igi kò dí i lọ́wọ́: ó ṣeé lò fún oko ọlọ́dún márùn-ún àti ti ọlọ́dún àádọ́ta.

Ìdá orí ní ìṣòro tirẹ̀. Kò lè kéré ju òdo lọ, kò sì lè ju 1 lọ, torí kò sí igi tí orí rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìlà títọ́ lórí bébà kò mọ ààlà yìí. Bí a bá fà á gùn, á sọ fún wa pé igi kan ní orí tó kéré ju òdo. Ìdí nìyí tí Hasenauer àti Monserud, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí igbó Austria ní 1996, fi lo ìlà tó tẹ̀, tó ń sún mọ́ òdo nísàlẹ̀ àti 1 lókè, tí kì í kọjá ààlà. Ohun tí wọ́n sì ń fi sínú ìṣirò kò mọ sí ìbú ìtì nìkan. Gíga igi wà níbẹ̀, bí igi ṣe pọ̀ tó lórí hẹ́kítà wà níbẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe lọ́ràá tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Popoola àti Adesoye lo irú ìṣirò ìdá orí yìí fún oko tíìkì ní igbó ọba Osho, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ìmọ̀ ti wà lọ́wọ́ wa. Ohun tó kù ni kí ó kúrò nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, kó dé ọwọ́ àwọn tó ń di ayùn mú.

Ìṣirò tó yẹ kí olóko igi ṣe

Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní a ti wọn tíìkì tó dá dúró, a sì rí i pé tí a bá fi 0.15 sọ ìbú ìtì, ní sẹ̀ǹtímítà, di púpọ̀, tí a sì fi 1 kún un, a ó rí ìbú orí ní mítà. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ wọn tirẹ̀. Igi tí ìtì rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 á ní orí tó fẹ̀ tó 4 mítà, ilẹ̀ tí orí náà bò á sì jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 12.6. Hẹ́kítà kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 10,000. Nítorí náà, nǹkan bí igi 796 ni orí wọn á kún un. Bí ìtì bá di sẹ̀ǹtímítà 30, orí á fẹ̀ tó 5.5 mítà, ilẹ̀ tó bò á di 23.8, iye igi tí hẹ́kítà náà lè gbà á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 421.

Ẹ wá rántí pé ẹni tó bá gbìn ín ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta ti fi igi 1,111 sí hẹ́kítà yẹn. Nígbà tí ìtì wọn bá fi lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13, orí wọn ti pàdé. Bí gbogbo wọn bá ní láti dé 20, orí tí wọ́n nílò á fi ìdá 40 nínú 100 fẹ̀ ju ilẹ̀ tó wà lọ. Láti ibẹ̀ lọ, olóko ní láti yan ọ̀kan nínú méjì. Yálà kó dín igi kù fúnra rẹ̀, kó yọ àwọn tó wọ́, àwọn tó ṣàìsàn àti àwọn tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀, kí ààyè lè gba àwọn tó dára. Tàbí kó jókòó kí àwọn igi máa há ara wọn mọ́, kí gbogbo wọn sì tẹ́ẹ́rẹ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ wúlò fún òpó, ṣùgbọ́n pákó fífẹ̀ ló ń mú owó gidi wá.

Ìgbà wo ló yẹ kó dín wọn kù? Ìtì kò lè dáhùn, torí ti àná nìkan ni ìtì ń sọ. Orí ló ń kéde. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ igbó gbà pé bí ìdá orí bá ti ń wálẹ̀ sún mọ́ 0.30, ewu ti dé. Igi tí orí rẹ̀ bá ti kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí ẹ gé gbogbo igi tó yí i ká lónìí, kò ní ewé tó máa fi lo oòrùn tí ẹ fún un. Ọdún á gorí ọdún kí orí rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò, bí ó bá máa bọ̀ sípò rárá.

Ewu mìíràn ni ìjì. Igi tó ga tó 20 mítà, tí ìtì rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, fi ìlọ́po 100 ga ju ìbú ara rẹ̀. Èyí tó ga bákan náà, tí ìtì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, fi nǹkan bí ìlọ́po 67 péré ga ju tirẹ̀. Láti nǹkan bí 80 sókè ni àwọn onímọ̀ igbó ti máa ń bẹ̀rù pé ẹ̀fúùfù lè ṣẹ́ igi tàbí kó wó o. Igi tí wọ́n pẹ́ jù kí wọ́n tó fún láàyè ló sábà máa ń wà nínú ewu yìí, torí lójijì ni àwọn tó ń gbà á dúró kò sí mọ́.

Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu, àgbàdo àti kókò sáàárín igi kékeré nínú igbó ọba mọ ọ̀rọ̀ orí igi ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ọjọ́ tí orí igi bá pàdé ni ọjọ́ tí àgbàdo kò ní so mọ́. Bí wọ́n bá fi ìṣirò orí sọ fún àgbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọdún báyìí ni ìbòòji máa bo ilẹ̀ yìí, á mọ ọdún tó máa fi ṣọ̀gbìn níbẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó wá ilẹ̀ míì. Àdéhùn á mọ́lẹ̀ láàárín òun àti ìjọba, kò sì ní sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa gé ẹ̀ka igi ní ìkọ̀kọ̀ kí oúnjẹ rẹ̀ má bàa kú.

Ohun tí Omo fi kọ́ wa

Ọ̀rọ̀ igbó ọba kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókè-méjì sọ́tọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àgbègbè yẹn náà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin tíìkì ní 1902. Láti nǹkan bí 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi mẹláínà ní igbó ọba Omo, ní agbègbè tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí J4, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní. Bébà ni èrò tó wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú oko mẹláínà wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń retí pé ilé iṣẹ́ bébà Ìwópin á máa lọ igi wọn. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe pinnu rẹ̀, igi tó yẹ kó di bébà sì di igi pákó.

Ìyípadà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún orí igi. Igi tí èèyàn fẹ́ fi ṣe bébà kò nílò láti tóbi. Ó lè há, kó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ bákan náà. Igi pákó nílò ààyè, ó nílò orí tó fẹ̀, ó sì nílò kí wọ́n dín àwọn tó yí i ká kù lásìkò. Bí èrò bá ti yí padà, ó yẹ kí ẹnì kan wọ oko náà, kó wọn orí, kó sì sọ iye igi tó gbọ́dọ̀ kúrò kí àwọn tó kù lè di pákó. Bí a kò bá ní àkọsílẹ̀ orí, àfojúbù nìkan ló kù fún wa, àfojúbù sì ti ná wa ní ọ̀pọ̀ igbó.

Igbó Omo kan náà tún ní apá kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀. Láti 1946 ni wọ́n ti ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ níbẹ̀, UNESCO sì fi í sára àwọn igbó tí ayé ń dáàbò bò ní 1977. Níbẹ̀, ìṣirò orí le ju ti oko tíìkì lọ. Afárá máa ń na ẹ̀ka rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Àràbà ga kọjá gbogbo wọn, ó sì tẹ́ orí rẹ̀ lé wọn. Okùn igbó so orí igi kan mọ́ òmíràn. Àgbékalẹ̀ kan ṣoṣo kò lè sọ ti gbogbo wọn. Dawkins ti rí èyí, ìdí sì nìyẹn tó fi gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tó rọrùn, láti 1 dé 5. Igi tí orí rẹ̀ rí oòrùn lókè àti ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ gba 5. Èyí tó rí oòrùn lókè nìkan gba 4. Èyí tó rí díẹ̀ lókè gba 3. Èyí tó ń rí i láti ẹ̀gbẹ́ nìkan gba 2. Èyí tí kò rí oòrùn tààrà rárá gba 1. Kò gba téèpù, kò gba ẹ̀rọ. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó bá ní ojú àti ìwé lè ṣe é, bí wọ́n bá sì fi kún ìbú ìtì, á mú kí ìṣirò ìdàgbà igi túbọ̀ jóòótọ́.

Ó tún ní ohun tó mú kí orí àwọn igi ràbàtà yìí ṣe pàtàkì lásìkò tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù. Nínú igi ńláńlá ilẹ̀ olóoru, orí lè wúwo tó ìtì, àwọn kan sì wà tí orí wọn wúwo ju ìtì lọ. Ẹni tó bá fi ìtì nìkan ṣírò kábọ́ọ̀nù inú àràbà kan lè ṣì í kà gan-an. Bí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ gba owó nítorí igbó tó tọ́jú, àdánù ni kó má mọ orí àwọn igi rẹ̀.

Ojú tó wà lókè

Láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, sátẹ́láìtì àti dróònù ti yí iṣẹ́ yìí padà, torí orí igi gan-an ni ojú òkè ń rí. Ní 2020, Martin Brandt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ láti dá orí igi mọ̀ ka igi tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 ní Sàhárà àti Sahel ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ka gbogbo igi tí orí rẹ̀ bò ju mítà onígun mẹ́rin 3 lọ, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí nǹkan kan. Ní 2023, ẹgbẹ́ kan tí Compton Tucker ti NASA ṣáájú gbé e síwájú sí i: láti ìbú orí igi nìkan, wọ́n ṣírò kábọ́ọ̀nù inú bílíọ̀nù igi ní ilẹ̀ gbígbẹ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nídìí àṣeyọrí yẹn. Sátẹ́láìtì rí orí. Kò rí ìtì. Kí orí tó di ìtì, kí ìtì sì tó di kábọ́ọ̀nù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wọn orí àti ìtì igi gidi lórí ilẹ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kó irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jọ sínú àkójọ kan tí wọ́n pè ní Tallo: igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000, láti inú irú igi tó lé ní 5,000. Igi tó wà nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò á bá mu. Igi tí a kò wọ̀n nílẹ̀ wa, ìwọ̀n igi ilẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n á fi kà á. Nínú igbó tó dí bíi ti Omo, níbi tí orí kan ti wọnú orí kejì, ojú òkè nìkan kò tó rárá.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó rẹpẹtẹ. Èkíní, kí ẹ̀ka igbó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ìbú orí àti ìdá orí kún ohun tí wọ́n ń wọ̀n nígbàkígbà tí wọ́n bá ka igi, kódà bí kò bá ju igi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èkejì, kí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Ìbàdàn àti àwọn yunifásítì wa kó gbogbo ìwọ̀n orí tó wà káàkiri ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ jọ síbi kan, kí wọ́n sì fi ṣe tábìlì kan tó rọrùn: irú igi báyìí, ìbú ìtì báyìí, ààyè tó nílò rèé. Tábìlì olójú ewé kan tí ẹ̀ṣọ́ igbó lè fi sápò, lédè Yorùbá, á wúlò fún oko igi ju ìwé ńlá tí kò kúrò lórí pẹpẹ lọ. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé àṣẹ láti gé igi nínú oko ìjọba láìjẹ́ pé wọ́n ti fi orí àwọn igi náà pinnu èyí tó yẹ kó kúrò àti èyí tó yẹ kó dúró.

Ẹ̀kẹta yìí ló ká mi lára jù. Àwọn baba wa ní igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó, a sì ń rí i lójoojúmọ́: èyí tó dára jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé, èyí tó wọ́, tí orí rẹ̀ ti rọ, ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láti fún wa ní irúgbìn ọ̀la. Bí a bá ń fi ìtì nìkan yan igi, kò sí bí kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fi orí yàn án, igi tí orí rẹ̀ pé, tó ṣì ní ọdún púpọ̀ láti fi sanra àti láti fi so, á rí ìdí tó fi yẹ kó dúró, a ó sì ní nọ́ńbà tí a lè gbé ka iwájú ẹni tó bá fẹ́ gé e. Tíìkì tí wọ́n bá gbìn lọ́dún yìí, ọmọ wa ni yóò gé e. Ó tọ́ sí wọn kí wọ́n bá pákó níbẹ̀, kí wọ́n sì bá ìwé tó sọ bí a ṣe tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ̀ka igbó kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn ní òjò tó ń bọ̀ yìí.